Tí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Kámẹ́rà Kékeré fún Ẹni Tó Ń Fi Fóònù Yàwòrán: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ẹ̀gbọ́n kan wà n'Íbàdàn, àbúrò rẹ̀ ń kàwé ní LAUTECH l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ó ń wo fọ́tò tí ọmọ náà ń gbé sórí WhatsApp, ó rí i pé ó mọ àwòrán yà, ló bá ní òun máa ra kámẹ́rà fún un tó bá jáde. Èrò náà dáa. Ibi tó ti ń dojú rú ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra irú ẹ̀bùn yìí kò mọ̀ nípa kámẹ́rà, ẹni tí wọ́n ń rà á fún sì ti ní ọ̀kan lápò, ìyẹn fóònù rẹ̀. Tí èyí tí ẹ rà kò bá lè ṣe ohun tí fóònù kò lè ṣe, inú àpótí ló máa sùn.

Nọ́ḿbà ara páálí ló ń tan àwọn èèyàn jù. Wọ́n á rí 48 megapixel (ìyẹn mílíọ̀nù 48 àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), wọ́n á rí fídíò 4K, owó rẹ̀ kò sì ga, wọ́n á ní Ọlọ́run ti ṣe é. Irú kámẹ́rà aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán) tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń kéré, ẹ̀rọ náà á wá na àwòrán kó lè pé iye tí wọ́n kọ. Kámẹ́rà Sony RX100 tó jáde ní 2012 kò ju nǹkan bíi 20 megapixel lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tó lè bá a dúró nínú wọn. Fóònù Samsung S23 Ultra pàápàá, tí wọ́n ń pariwo 200 megapixel rẹ̀, tí ẹ bá kàn gbé e yàwòrán bó ṣe wà, 12 ló máa fún yín.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà ni bí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, torí orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1/2.3 fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 6, ó sì ga ní bíi 4.5. Oní-ínṣì-kan jẹ́ 13.2 sí 8.8. (Orúkọ lásán ni ínṣì kan yẹn, ẹ má wulẹ̀ fi rúlà wọ̀n ọ́n.) Fóònù tó dáa lóde òní ti ní sẹ́ńsọ̀ tó tóbi ju 1/2.3 lọ, ó tún máa ń to fọ́tò mélòó kan pọ̀ di ẹyọ kan láìjẹ́ kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ya àpèjẹ alẹ́, tí ẹ wá ra kámẹ́rà oní-1/2.3 fún, fóònù rẹ̀ ló máa padà sí.

Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ ńlá kọ́ ni gbogbo èèyàn ń wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ náà lọ síbi ọdún Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àṣà aráyé ní 2023. Èrò pọ̀, ẹ̀yìn ló dúró sí, ó wá fi ìka méjì fẹ ojú fóònù kí ẹlẹ́gùn lè sún mọ́ ọn. Ẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa. Irun tí ẹlẹ́gùn dì ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, owó ẹyọ ara aṣọ rẹ̀ ti di àmì funfun wúruwùru, ìlà ojú rẹ̀ ti pòórá. Ṣe ni fóònù gé àárín àwòrán, ó sì nà án. Fọ́tò tó bàjẹ́ báyìí ló máa sọ kámẹ́rà tí ẹ máa rà fún yín, ju fọ́tò tó dáa lọ. Ẹ wo fọ́tò tí ọmọ náà ń pa rẹ́ àti èyí tó ń rojú sí: ṣé ọ̀nà jíjìn ló ń dà á láàmú ni, àbí òkùnkùn?

Tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn ni, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá lára páálí ni "optical zoom". Lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Digital zoom" kò yàtọ̀ sí ohun tí fóònù ń ṣe yẹn. Canon SX740 HS, fún àpẹẹrẹ, lè fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po 40. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré ṣá o, lẹ́ńsì rẹ̀ kì í sì gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tó bá ti nà tán. Ọ̀sán gangan ló máa gbádùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ òkùnkùn ni, ẹ lọ sí oní-ínṣì-kan tí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣí dáadáa, bíi Canon G7 X Mark III. Ricoh GR III ní sẹ́ńsọ̀ tó tún ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò ní zoom, kò ní fíláàṣì. Ẹ má ràá fún ẹni tí kò fẹnu ara rẹ̀ béèrè rẹ̀.

Ohun kejì tó ń sọ kámẹ́rà di òkú ẹrù ni ọ̀nà tí fọ́tò máa gbà dé orí fóònù. Ẹni tó ti mọ́ lára láti yàwòrán kó sì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kò ní máa wá kọ̀ǹpútà kiri. Ẹ ríi pé kámẹ́rà náà ní Wi-Fi. Tó bá jẹ́ Canon, ẹ wò ó bóyá ápù Camera Connect máa ṣiṣẹ́ lórí Tecno tàbí Infinix tó ń lò. Èmi ò tiẹ̀ ní dúró lórí Wi-Fi nìkan, torí ó máa ń falẹ̀. Ẹ ra ohun kékeré tí wọ́n fi ń ka mẹ́mórì káàdì, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ẹnu fóònù náà mu, kí ẹ sì fi sínú páálí ẹ̀bùn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mẹ́mórì káàdì pàápàá, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Kì í sábà bá kámẹ́rà wá. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 512GB sára rẹ̀, tó bá gba díẹ̀, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ẹ kó fídíò kún inú rẹ̀ dẹ́nu kí ẹ tó fún ọmọ, kí ẹ sì ṣí wọn wò.

Bátìrì G7 X Mark III yẹn, nǹkan bíi fọ́tò 235 ló máa yà kó tó kú, òde ìgbéyàwó kan á jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gé kéèkì. Bátìrì kejì pọn dandan, pàápàá níbi tí Nẹ́pà ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó ń gba iná láti ojú USB, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣájà fóònù ló ń gbà, àfi èyí tó bá ní PD (Power Delivery, irú ṣájà USB tó lágbára). Ẹ yẹ páwà báǹkì ọmọ náà wò.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kò burú, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ló lọ dì í mú. Ẹ tàn án, kí ẹ gbé e sún mọ́ etí bí lẹ́ńsì ṣe ń jáde. Tó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni jẹ iyanrìn mọ́ ẹ̀wà, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ ya ògiri funfun lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì dúdú tó bá ń hàn lójú kan náà, eruku ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, irú kámẹ́rà yìí kò sì ṣeé tú nílé. (Ọyẹ́ tiwa níbí kì í ṣeré; ẹ ra àpò onísíìpù mọ́ ọn.) Ẹ tún yẹ lẹ́ńsì wò sí ìmọ́lẹ̀ bóyá ó ti bu. Sony tí wọ́n tà ní Japan, èdè ibẹ̀ nìkan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ní Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó rà á. Àwọn ti àtijọ́ kan ń lo káàdì xD, èyí tí wọn kò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó jẹ́ pé kámẹ́rà àtijọ́ onífíláàṣì yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, torí bí fọ́tò rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fi ọgbọ́n bi ọmọ náà, kódà bí kò bá ní yà á lẹ́nu mọ́.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà bóyá ó máa gbà á padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí kò bá ṣiṣẹ́. Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.