Yàrá ìkókó aláwọ̀ igi: bí a ṣe ń ṣe é láìbèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ohun tí pẹ́ńtà kọ́kọ́ bi àbúrò mi nìyẹn, kó tó ṣí rọ́bà ọ̀dà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, á po búlúù. Bó bá jẹ́ obìnrin, á po pínkì. Àbúrò mi ní òun ò mọ̀, òun ò sì fẹ́ mọ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá pẹ́ńtà dúró, ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kun òfurufú.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa gan-an kì í bèèrè. "Ó ń sunkún" la máa ń wí, ẹni yòówù kó máa sunkún. Táíwò lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ayọ̀délé náà bẹ́ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù la ti kó ọ̀rọ̀ búlúù àti pínkì wálé. Ìdí nìyẹn tí a fi yan ìlànà ilé àti àga tí wọ́n ń pè ní mid-century modern, èyí tó gbòde ní Amẹ́ríkà àti Denmark láti nǹkan bí ọdún 1945 títí di ìparí àwọn ọdún 1960. Igi ló ń fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ láwọ̀, igi ò sì mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Kò ṣàjèjì sí wa náà. Ẹni tó bá ti rìn nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, ti rí ẹbí ìlànà yìí: ògiri oníhò tó ń gba atẹ́gùn wọlé, ilé gbọọrọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ àṣejù.

Ilẹ̀ àti ògiri

Bí ilé yín bá ti pẹ́, tó ní ilẹ̀ terrazzo, ẹ má ṣe lẹ táìsì lé e. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an. Ògiri mẹ́ta, ẹ kùn ún ní funfun tó rọ̀ díẹ̀; ẹyọ kan tó kù ni kẹ́ ẹ fún ní àwọ̀. Osùn la yàn. Ẹ̀lú dára, àwọ̀ ewé tó ti ń gbó náà dára, ṣùgbọ́n kó má ju méjì lọ nínú yàrá kan. Ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì kùn ún ní oṣù kan kí ọmọ tó dé, kí òórùn rẹ̀ ti lọ.

Àwọn àgbà kan kì í fẹ́ ká ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ ká tó bí i. Ìyá wa wà lára wọn. Ògiri kì í ṣe ẹrù ọmọ o, bí a ṣe bá a sọ ọ́ nìyẹn.

Igi

Àwọn ará Denmark fẹ́ràn igi teak. Ìrókò jọ ọ́ púpọ̀, ó kàn ń pọ́n sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún ni. Ọ̀gànwó pupa jù ú lọ. Ẹ sọ fún káfíńtà pé igi gbígbẹ lẹ fẹ́. Ẹsẹ̀ àga àti àpótí gbọ́dọ̀ sanra lókè, kó tín-ín-rín nísàlẹ̀, kó sì ya síta díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù. Ẹ ó rí i pé ìgbálẹ̀ ń ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìlànà yìí tó ìyẹn.

Ibùsùn ọmọ

Níbí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Àga àtijọ́ ṣeé rà, ibùsùn ọmọ àtijọ́ kò ṣeé rà, bó ti wù kó rẹwà tó. Òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé. Irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, Amẹ́ríkà fòfin de òun náà ní 2011 nítorí àwọn ọmọ tó há sínú rẹ̀ tí wọ́n kú.

Àlàfo àárín igi ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Káfíńtà tiwa fi bíi 9 sí i, ó ní kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọmọ. Mo mú agolo Coke, èyí tó sanra, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ báyìí, mo tì í sí àárín igi méjì. Ó kọjá láìfara kan nǹkan kan, ó bọ́ sílẹ̀ gbàlà. Káfíńtà wo agolo, ó wò mí, ó gbé ibùsùn padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Agolo yẹn ò gbọdọ̀ kọjá o. Ṣùgbọ́n téèpù lẹ máa fi wọ̀n ọ́n gan-an.

Fóòmù gbọ́dọ̀ le, kó kún ibùsùn débi pé ìka méjì ò ní ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́, kò sí ọmọlangidi bẹ́árì. Ẹ̀yìn ni ọmọ ń fi sùn. Ẹ na àwọ̀n ẹ̀fọn kó le, kí ọwọ́ ọmọ má lè fà á.

Àpótí aṣọ, àga, àti ibùsùn ìyá àgbà

Àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta tó ga dé ìdí àgbàlagbà ni kẹ́ ẹ ṣe. Orí rẹ̀ lẹ ó ti máa pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Ẹ fi irin dè é mọ́ ògiri, nítorí ọmọ tó bá ti ń rìn yóò fi dúrọ́ọ̀ ṣe àkàbà.

Àga tó ń fì síwá sẹ́yìn ni ìyá yóò máa jókòó lé fún ọmọ lọ́yàn. Èyí tí Charles àti Ray Eames, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán àga, ṣe lókìkí débi pé nígbà kan, Herman Miller, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga náà, máa ń fi ta òṣìṣẹ́ tó bá bímọ lọ́rẹ. Owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani, káfíńtà yín lè ṣe onígi.

Ọ̀pọ̀ ìwé lórí irú yàrá yìí kò rántí ìyá àgbà tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Àwọn dókítà ní kí ìkókó sùn nínú yàrá òbí rẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán, nítorí náà ìyá àgbà ló kọ́kọ́ máa sùn ní yàrá yìí! Ẹ ṣe ibùsùn pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ fèrèsé, ẹ fi àdìrẹ rán ìbòrí rẹ̀. Kó má rẹlẹ̀ jù, kí orúnkún màmá má bàa pariwo.

Ìkọ́ ara ògiri

Ní 1953, àwọn Eames yìí kan náà ṣe ìkọ́ aṣọ kan fún àwọn ọmọdé, bọ́ọ̀lù onígi aláwọ̀ oríṣiríṣi ló wà lórí rẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà gbẹ́ mẹ́fà, kó fi ṣúkúrúù dè wọ́n láti ẹ̀yìn pákó kí wọ́n má bàa já bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kan pákó náà mọ́ ògiri nísàlẹ̀, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ lọ sí ilẹ̀. Fún ìgbà yìí, gèlè màmá ló wà lórí tiwa.