Bí túùbù ńlá inú ampílífáyà gìtá bá ń pọ́n
Bí páànù (irin inú túùbù) inú EL34 tàbí 6L6, irú túùbù ńlá méjì, bá pọ́n roro, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sáré ra túùbù tuntun, torí báyáàsì (fólítì nẹ́gátífù tó ń kó túùbù níjàánu) ló sábà máa ń sọnù, tuntun náà yóò jóná.

Ẹ yọ okùn iná, kí ẹ fi rẹsítọ̀ 10k oníwáàtì 5 fa iná inú kàpásítọ̀ ńlá títí mítà yóò fi ka òdo. Ó lè ju fólítì 400 lọ, ó sì ń pani! Ẹ yọ àwọn túùbù ńlá, ẹ há okùn dúdú mítà mọ́ ara irin ẹ̀rọ, pupa mọ́ ẹsẹ̀ 5 sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó tan án. Báyáàsì tí mítà yóò kà sábà máa ń wà láàárín fólítì −30 sí −55. Ẹ tún fa iná jáde kí ẹ tó sún okùn sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì.

Bí ti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo bá sún mọ́ òdo, kàpásítọ̀ tó ń gbé ohùn wọ ibẹ̀ (0.022 µF ló wọ́pọ̀) ló ń jò, ẹ fi oní-630V pààrọ̀ rẹ̀. Bí ti gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì bá sún mọ́ òdo, ẹ pààrọ̀ kàpásítọ̀ báyáàsì. Ẹsẹ̀ pọ́sítífù rẹ̀ ló ń wọ ara irin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé e sódì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá àwọn túùbù padà, kí ẹ tún báyáàsì ṣe: EL34 lórí fólítì 450, nǹkan bíi 35 mA (iye iná tó ń gba inú túùbù kọjá) fún ẹyọ kan. Kí sípíkà wà lára ampílífáyà náà o.