Ohùn ń jáde, àwòrán ò hàn: bí a ṣe ń fọ hẹ́ẹ̀dì fídíò láìbà á jẹ́

Ìbéèrè: Mo ki kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àwọn òbí mi bọ ẹ̀rọ fídíò VHS wa àtijọ́. À ń gbọ́ ìlù ketekete, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n kàn ń ṣe wàràwàrà bíi pé òjò ń rọ̀. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò ní dùn yín bó bá bà jẹ́ dán an wò. Bó bá tún ń ṣe wàràwàrà, hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn kinní kékeré tó ń ka ohun tó wà lórí tẹ́ẹ̀pù, ló dọ̀tí. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, ara dúrọ́ọ̀mù, kinní roboto inú ẹ̀rọ tó ń yí, ni hẹ́ẹ̀dì àwòrán wà, ti ohùn sì dá dúró sójú kan, ìyẹn ni ọ̀kan fi lè dí kí èkejì má dí. Ẹ tún yọjú wo tẹ́ẹ̀pù inú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí ẹ bá rí èbu funfun lára rẹ̀, ẹ má fi sí i mọ́: ó ti hu, òun ló ń ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi òwú àti sípíríìtì nù ún?

Ìdáhùn: Òwú kọ́ o! Fọ́nrán rẹ̀ máa ń há sí hẹ́ẹ̀dì lẹ́nu. Ẹ wá isopropyl alcohol 99%, ìyẹn sípíríìtì tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀, àti awọ rírọ̀ tuntun, irú èyí tí wọ́n fi ń nu mọ́tò.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná kí ẹ tó tú ìdérí. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí iná ń gbà wọlé, torí iná ṣì lè wà níbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ni kinní roboto tó ń dán bíi fàdákà, tó dagun díẹ̀. Ẹ má fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi alcohol rin awọ náà, kó má ro tótó. Ẹ rọra fi ti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ wá fi ìka ọwọ́ kejì yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó mú awọ kò gbọdọ̀ mì. Dúrọ́ọ̀mù ni kó máa yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún lọ sókè sódò láé. Hẹ́ẹ̀dì yẹn kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ó sì ń tètè kán. Ẹnìkan gbé tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tó ti fi agbára ha á sókè sódò. Ọ̀kan ti kán, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, ó sì dùn mí.

Bí awọ bá dúdú, ẹ yí i sí ibi tó mọ́, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí tẹ́ẹ̀pù á lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù tútù, á sì já.

Ìbéèrè: Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó gbẹ máa ń ha hẹ́ẹ̀dì. Èmi kì í lò ó. Ilé-iṣẹ́ Funai ti Jàpáánì, tó ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS kẹ́yìn, ti dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 2016, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí àwòrán bá hàn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ da kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó náà kọ sórí kọ̀ǹpútà.