Ìdì mélòó, ẹyọ mélòó? Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ipò nọ́ńbà

Ọmọ tó ń ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún láìṣì lè máà tíì mọ ohun tí 2 ń ṣe nínú 23. Ẹ dán an wò. Ẹ ka ìdérí ìgò 23 síwájú rẹ̀, kó kọ 23, kí ẹ wá nàka sí 2 yẹn, kí ẹ ní kó kó iye rẹ̀ fún yín. Bó bá kó ìdérí méjì péré, iṣẹ́ ṣì wà.

Ìgbálẹ̀ kan láti ọjà Kubwa tàbí Nyanya ní Àbújá níbí ti tó. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí ẹyọ 110 tó gùn bí ìka àárín yín, kí ẹ wá rọ́bà méjìlá àti páálí kan. Ẹ fa ìlà sáàárín páálí náà: ọ̀tún ni ilé ẹyọ, òsì ni ilé ìdì. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ni kí ẹ jókòó sí. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́, ọ̀tún yín ni òsì rẹ̀.

Kí ọmọ máa fi ẹyọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ló wà: ẹyọ mẹ́wàá kò gbọdọ̀ sùn ní ilé ẹyọ. Tó bá ti pé, kó fi rọ́bà dì í, kó gbé e lọ sí òsì. Ẹ má bá a dì í, ẹ má sì dì í sílẹ̀ dè é. Ọwọ́ tó dì í ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó ₦10 kò fi dára fún ìbẹ̀rẹ̀: kò ṣeé tú.

Orúkọ nọ́ńbà ló ń da nǹkan rú jù. "Thirteen" ń fi ẹ̀ta ṣáájú ẹ̀wá, ọmọ á sì kọ 31. Ọmọ ilé kéwú tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kíkọ láti ọ̀tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ nínú nọ́ńbà Lárúbáwá pàápàá, ọ̀tún ni ẹyọ ń wà. Hausa tí wọ́n ń gbọ́ ní àdúgbò ló tọ́ jù níbí: "goma sha uku", ẹ̀wá kan àti ẹ̀ta. Ẹ lò ó.

Tiwa ńkọ́? Nínú mẹ́rìndínlógún, a ò gbọ́ ẹ̀wá, a ò gbọ́ ẹ̀fà. Ẹ kọ́kọ́ máa pè é ní "ìdì kan, ẹyọ mẹ́fà". Lẹ́yìn náà, kó gbé ìdì méjì kalẹ̀, kó tú ọ̀kan, kó yọ mẹ́rin kúrò. Ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà ló kù. Yíyá nínú àyọkúrò nìyẹn, inú orúkọ tí ìyá àgbà ń pè ló ti wá.

Ọmọ tó kọ 203 fún 23 kì í ṣe òmùgọ̀. 20 ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ gé páálí fífẹ̀ fún 10, 20 dé 90, àti èyí tó fẹ̀ dé ìdajì rẹ̀ fún 1 dé 9. Kó gbé 3 bo òdo 20. Tó bá ṣí i, òdo á yọjú.

Tí ìdì bá pé mẹ́wàá, ẹ so wọ́n pọ̀ di ẹrù kan, kí ẹ fi ilé kẹta kún un lápá òsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ 15 fún 105. Ẹ bi í pé, "Ta ló wà nílé ìdì?" Kò sẹ́ni, òdo ló ń ṣọ́ ọ.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú owó ₦10 àti ₦100 wá, kí ìdérí ìgò dúró fún náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ₦20, ₦50, ₦200 àti ₦500 sápò. Wọn ò nílé lórí páálí.