Má Tíì Ra Sítátà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Kọ̀ Tí Kò Jẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọlọ́kọ̀ kan gbé sítátà mẹ́ta, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jẹ́, wá bá mi ní etí omi Ìkòròdú. Ọ̀kan ni èyí tó bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé, méjì tó kù jẹ́ tòkúnbọ̀ tó rà láàárín oṣù kan. Ó ní gbogbo wọn ti kú. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi wáyà tó nípọn so wọ́n mọ́ bátìrì: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yí bí òkòtó. Wáyà dúdú tó ti orí bátìrì lọ sí ara ẹ́ńjìnnì ló kú. Rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán lóde, àmọ́ nígbà tí mo fi ọ̀bẹ là á, bàbà inú rẹ̀ ti di ẹ̀tù aláwọ̀ ewé.

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù nìyẹn, ká dá sítátà lẹ́bi kí a tó yẹ ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Omi ọ̀sà wa kì í ṣe omi kànga. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, omi òkun á máa wọlé, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i, ibikíbi tí wáyà bá sì ti fẹnu ko irin ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú orí bátìrì, ẹ fi yanrìn-pépà ha á títí yóò fi mọ́, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì tó ń gba sípánà dè é. Èyí tí wọ́n ń fi ìka yí, tó dà bí apá labalábá, ìgbì á tú u díẹ̀díẹ̀ ni.

"Iná orí ọkọ̀ mi ń tàn, bátìrì mi dára." Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Gílóòbù kan kì í gbà ju ámpíà díẹ̀ lọ. Sítátà lè gbà ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà kékeré tí àwọn rewáyà ń lò ni kí ẹ gbé lé e. Bátìrì tó kún yóò fi bíi fóòtì 12.6 hàn nígbà tó bá sinmi. Kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹ ṣe ń wo mítà: bí ó bá já wá sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì ni kí ẹ lọ ṣáàjì tàbí kí ẹ pààrọ̀.

Bí bátìrì bá dúró digbí, ẹ gbé ẹnu mítà kan sórí bátìrì níbi tó pupa, kí ẹ gbé èkejì sórí ojú sítátà tí wáyà pupa dé, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bákan náà láti orí bátìrì níbi tó dúdú sí ara irin ẹ́ńjìnnì. Bí mítà bá kọ ohun tó ju 0.5 lọ ní ìhà kan, iná ń ṣòfò sójú ọ̀nà níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé náà kò lè gbé sítátà, ì báà jẹ́ tuntun. Mo sì mọ ẹni tó gbé bátìrì lọ sí iwájú ọkọ̀ pátápátá kí ìdí ọkọ̀ lè fúyẹ́, tó wá ń ṣe kàyéfì ìdí tí sítátà kò fi yí, bẹ́ẹ̀ wáyà ló ti gùn jù.

Ẹ fi etí gbọ́ sítátà pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá fọhùn rárá, ẹ wo jíà bóyá ó wà ní fíríì, kí ẹ tó wo fíùsì àti kọ́kọ́rọ́. Tó bá ń ké tá-tá-tá léraléra, ó sábà máa ń jẹ́ pé bátìrì ti rẹ̀. Tó bá yí fíìì ṣùgbọ́n tí fláíwíìlì, irin rìbìtì tí eyín sítátà ń yí, kò mira, eyín sítátà ni kò gòkè, girísì sì sábà máa ń fà á. Àwọn mẹkáníìkì kan á kun girísì síbẹ̀ bí ẹni kun òrí. Yanrìn àti iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, eyín á há. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tọ́ òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Tí sítátà bá sì ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa tí kò ṣáà jẹ́, sítátà kò ṣẹ̀. Ẹ wo okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jẹ́ bí kò bá sí ní àyè rẹ̀, ó lè ti yọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fífi sikurúdíráfà so orí méjèèjì rìléè, ìyẹn suíìṣì tó ń gbé iná bátìrì fún sítátà, pọ̀ kí sítátà lè yí láìlo kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wa la ti ṣe é rí, èmi náà. Ó máa ń ta iná, nínú ọkọ̀ tí jálá bẹntiróòlù wà nílẹ̀ rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ ti kún abẹ́ ìjókòó. Ó tún ń fo ìṣọ́ tí wọ́n fi sára jíà dá, èyí tí kì í jẹ́ kí sítátà yí bí jíà kò bá sí ní fíríì, nítorí náà bí jíà bá wà ní iwájú, ọkọ̀ yóò fò síwájú bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì, tòsí pùrọ̀pẹ́là.

Ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, ẹ jẹ́ kí sítátà tutù fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ má ṣe àṣìṣe de wáyà pupa mọ́ ibi dúdú lórí bátìrì. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti jó rẹtifáyà, èyí tó ń yí iná ẹ́ńjìnnì padà kó lè ṣáàjì bátìrì. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé tí ẹ́ńjìnnì mu omi, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ọwọ́ yí fláíwíìlì títí omi yóò fi tán.

Ọ̀pọ̀ kì í gbé okùn ìfà dání mọ́ látìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ti dé. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ta kókó sẹ́nu okùn, ẹ fi kókó náà sínú ihò ẹ̀gbẹ́ fláíwíìlì, ẹ wé e yípo, kí ẹ tó fà á. Ẹ wo jíà fúnra yín kọ́kọ́, torí okùn yìí kò mọ fíríì. Ẹ má wé e mọ́ ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì lè ta padà. Bó bá ti jẹ́, ẹ má ní ẹ̀ ń dé ìdérí padà nígbà tó ń yí. Ẹ fi sílẹ̀ láìdé títí ẹ ó fi gúnlẹ̀.