Bí a ṣe ń hun agbọ̀n Gullah, pàápàá ìdí rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá rí agbọ̀n tí wọ́n fi sweetgrass, koríko etí òkun kan, hun, létí òpópónà Highway 17 ní Mount Pleasant, South Carolina, tẹ́ ẹ sì gbọ́ iye rẹ̀, ẹ má tíì pariwo. Ẹ hun ẹyọ kan ná. Àwọn Gullah, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà wá sóko ìrẹsì, ló ni iṣẹ́ náà. Àtẹ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ti gún lódó ni wọ́n kọ́kọ́ ń hun. Lọ́dún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀.

Sweetgrass, ewé igi pine eléwé gígùn àti màrìwò palmetto lẹ ó wá. Tí agbọ̀n yóò bá gbé ẹrù, ẹ fi bulrush, koríko kan tó le jù ú lọ, kún un. Ẹ má gé sweetgrass o; ẹ fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fà á yọ, kí gbòǹgbò lè kù sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà gígùn nítorí ejò. Àwọn ilé olówó ti dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà etí òkun, nítorí náà ríra ni tèmi. Ẹ sá a kó gbẹ.

Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà, nail bone, ohun tá a fi ń lu ihò fún màrìwò. Egungun ìhà màlúù làwọn àgbà ń lò. Ṣíbí ni tèmi: ẹ gé ojú rẹ̀ dànù, ẹ fi òòlù tẹ́ ẹnu ibi tẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ pọ́n ọn lórí òkúta. Ṣíbí àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Ti ìsinsìnyí máa ń tẹ̀.

Ó wá kan ìdí agbọ̀n, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ fa wàhálà. Ẹ ta ewé pine ní kókó, kó le dáadáa. Kókó tó bá dẹ̀ yóò máa yí nínú agbọ̀n títí ayé. Ẹ wá yí ìrù rẹ̀ ká kókó náà, ẹ fi nail bone lu ihò, ẹ ki màrìwò bọ̀ ọ́, ẹ fà á le. Ìlọ́po kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa rán mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí nail bone la màrìwò tẹ́ ẹ ti rán tẹ́lẹ̀. Tó bá là, yóò já, kì í sì í já lọ́jọ́ náà. Ẹ má rẹ màrìwò sómi, torí tó bá gbẹ, yóò súnkì, ìrán á sì dẹ̀. Aṣọ tútù ni mo máa ń fi wé e.

Ìkánjú tún ń bẹ. Ọ̀pọ̀ á dúró títí koríko á fi tín-ín-rín, wọ́n á wá ki ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, agbọ̀n á sì yọ iké. Ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa fi kún un kó tó tín-ín-rín. Ìka kékeré mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìlọ́po kẹta, ẹ gbé e sórí tábìlì. Tó bá ń mì, ẹ tú u. Ìlọ́po kẹrin kò ní tún un ṣe.

Ìyókù rọrùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìde, ẹ gbé ìlọ́po tuntun lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ní ìparí, ẹ dẹ́kun koríko fífi kún un títí yóò fi tín-ín-rín dé òpin, ẹ rán an pa, ẹ ki ìrù màrìwò sábẹ́. Èyí tó bá yọ síta, ọjọ́ kejì ni mo tó ń gé e.