Tí àsun bá ń wù yín tẹ́ ẹ ti fi ẹran jíjẹ sílẹ̀
Ẹ̀yin tá a jọ ń fi ẹran sílẹ̀, mo mọ̀ pé àsun ló le jù, pàápàá fún àwa ará Oǹdó tá ò lè ṣe ìnáwó kó má sí níbẹ̀. Èéfín àti ata rodo yẹn gan-an ló ń wù yín jẹ o. Ẹ fi olú rọ́pò ẹran: ẹ ra èyí tó nípọn lọ́jà, ẹ má rẹ ẹ́ sómi rárá, ẹ kàn ṣàn án, ẹ fi iyọ̀ ra á lára kẹ́ ẹ yan án lórí èédú títí omi ara ẹ̀ á fi gbẹ tí etí ẹ̀ á jó díẹ̀, kẹ́ ẹ tó gé e wẹ́wẹ́ sínú ata àti àlùbọ́sà tẹ́ ẹ ti fi òróró dín. Ata yẹn, ẹ má lọ̀ ọ́ kúná. Ẹ má sì já olú inú igbó tẹ́ ẹ ò mọ̀ o, òmíràn ń pààyàn.